Ọmọ Tí Kò Tíì Tó Dìbò: Kí Ló Kàn Án Nínú Ọ̀rọ̀ Ìlú?

Lẹ́tà tí a rí gbà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin wa, lóṣù yìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù: àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 18, àti ohun tí ó yẹ tàbí tí kò yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa ìṣèlú. A mú mẹ́rin nínú wọn, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Èyí àkọ́kọ́ ni a ó pẹ́ lé lórí jù, nítorí pé ohun tí ìyá tó kọ ọ́ béèrè kì í ṣe ohun tí a lè fi gbólóhùn kan dáhùn.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ṣábẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà ìpolongo ìdìbò tó kọjá, mo ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀ ni mo bá ẹ̀wù funfun kan lábẹ́ ẹní rẹ̀, tuntun, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀, àwòrán ẹnìkan sì wà láyà rẹ̀. Mo tún bá 2,000 fàráǹkì nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n àdúgbò ló kó àwọn gorí alùpùpù, pé kí àwọn máa pariwo tẹ̀lé wọn káàkiri ìlú. Mo bi í pé kí ni ẹni tó wà láyà ẹ̀wù náà fẹ́ ṣe fún ìlú, kò mọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú wa rí nínú rògbòdìyàn ìṣèlú ní Ṣábẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2019 àti ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Mo ti sun ẹ̀wù náà. Mo sì ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú mọ́ títí yóò fi di baba ọmọ. Baba rẹ̀ ní mo ṣe dáadáa, àbúrò mi ọkùnrin ní mo ti ṣe é ní àṣejù. Ẹ bá mi dá a.

Èsì wa

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ewu àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹni tí kò sí ní Ṣábẹ̀ nígbà tí wọ́n dí ojú títì, tí ìró ìbọn sì gba ìgboro, kò lẹ́nu láti sọ fún yín pé ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti ṣe ohun tó tọ́ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹ̀wù tí ẹ sun, òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ìdìbò orílẹ̀-èdè wa sọ pé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìdìbò títí ìdìbò yóò fi parí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pín aṣọ, ẹ̀wù, ohun èlò ìdáná, bírò, kàlẹ́ńdà tàbí ohun mìíràn tí àwòrán olùdíje tàbí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú wà lára rẹ̀, àti pé wíwọ̀ rẹ̀ pàápàá jẹ́ èèwọ̀. Owó àti ẹ̀bùn tí a fi ń fa ojú olùdìbò mọ́ra wà nínú èèwọ̀ kan náà. Ó dá mi lójú pé ìdí tí irú àwọn ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ fi ń wá ọmọ ọdún 16 kiri ni pé àgbàlagbà yóò béèrè ohun tí yóò kan òun lẹ́yìn ìdìbò, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù, tí ó sì rí ẹgbẹ̀rún méjì fàráǹkì gbà, kò ní béèrè nǹkan kan.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni òfin tí ẹ wá ṣe fún un. Ìyá wa, ọmọ yín kò tíì dá sí ìṣèlú rí. Ariwo ni wọ́n fi owó bẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ bi í léèrè ohun tí ẹni ayà ẹ̀wù náà fẹ́ ṣe fún ìlú. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìṣèlú, òun ni ẹnikẹ́ni kò sì tíì kọ́ ọmọ náà láti máa béèrè. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn títí yóò fi di baba ọmọ, ẹ rántí pé ọdún méjì péré ló kù kí ó tó di olùdìbò, nítorí pé Abala 6 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ wa fi ìdìbò sí ọwọ́ gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó bá ti pé ọdún 18. Yóò dé ibẹ̀ láìmọ ohun kan ju ohun tí àwọn alálùpùpù fi kọ́ ọ. Ẹ ó ti lé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́dọ̀ tiyín, ẹ kò sì ní tíì lé e kúrò lọ́dọ̀ tiwọn.

Nínú ilé wa, a máa ń sọ fún ọmọ pé kí ó dìde níbi tí àgbà bá gbé ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ni, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé bá délẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni a máa ń rán lọ pe àwọn baba jọ; òun ni yóò gbé omi kalẹ̀ fún wọn; yóò jókòó sẹ́bàá ògiri, yóò máa gbọ́ bí wọ́n ti ń tọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà wá láti ìgbà baba ńlá, yóò mọ ẹni tó ń parọ́ àti ẹni tó ń sọ òótọ́, kí ó lè mọ ààlà oko baba rẹ̀ lọ́jọ́ tí àgbà kò bá sí mọ́. Kò sí ẹni tí ń dúró kí ọmọ di baba ọmọ kí ó tó fi ààlà oko hàn án. Kí ló wá dé tí a ń fi ọ̀nà tí owó kọmúùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, ń gbà jáde pamọ́ fún un?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ṣòro. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ààrẹ, ẹnu ọ̀nà yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé ta ni olórí àdúgbò wa, ta ni olórí arrondissement wa (ẹ̀ka kọmúùnù), ta ni maire wa (olórí kọmúùnù), àwọn wo ni wọ́n ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. N kò rò pé yóò mọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ọ̀pọ̀ àgbà náà kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kí ẹ jọ wá a. Kọmúùnù 77 ni ó wà ní orílẹ̀-èdè yìí, Ṣábẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà tó wà ní ẹkùn Collines. Láti ìgbà tí a ti dìbò kọmúùnù àkọ́kọ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2002, ìgbìmọ̀ tí a fi ìbò yàn ni iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọjà, ọ̀nà oko, omi mímu àti ìwé ìbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá mọ̀ pé owó tí ẹ̀yin ìyá rẹ̀ ń san fún agbowó ọjà wà nínú owó tí ìgbìmọ̀ náà ń ná, ọ̀rọ̀ ìṣèlú yóò kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ńláńlá Kútọnu lójú rẹ̀.

Mo rí èyí lójú ara mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní ọdún kan, mo sì mú un lọ gba ẹ̀dà ìwé ìbí rẹ̀ ní mairie (ọ́fíìsì) kọmúùnù kan tí n kò ní dárúkọ. Bí a ti ń retí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, ó lọ dúró níwájú pátákó ìkéde. Ìwé kún ara pátákó náà, òmíràn ti ya, ìṣó tó di òmíràn mú ti dípẹtà, ó sì ti yí etí ìwé náà padà sí pupa. Ọmọ náà ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń ka àkójọ iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí, ó dé orí ọ̀kan, ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀: àtúnṣe ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ kan. Ó wẹ̀yìn, ó ní, “Bàbá kékeré, ilé ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ẹ̀rọ omi wa kò tíì ṣiṣẹ́.” Ọdún tí wọ́n kọ sórí ìwé náà ti kọjá. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, òun àti àwọn mẹ́rin nínú kíláàsì rẹ̀ kọ lẹ́tà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbé e lọ. N kò ní sọ fún yín pé ọjọ́ kejì ni wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe. Oṣù méje ló gbà, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n sì kọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá na ẹ̀wù sí ọmọ yẹn lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi ni yóò kọ́kọ́ bi í.

Ní ti ewu, ẹ má ṣe fi pamọ́ fún un. Ẹ sọ fún un pé Abala 25 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti péjọ àti láti wọ́de, kí ẹ sì sọ fún un pẹ̀lú pé ibi tí àwọn kan bá ti bo ojú, tí wọ́n ń kó táyà jọ, tí wọ́n sì ń ti ọmọdé síwájú, kí ó padà sílé láìwẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ níwájú, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí ọmọ tirẹ̀ wà. Ẹ̀kọ́ yìí náà wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣèlú, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè kọ́ ọ bí ìyá tí ó wà ní Ṣábẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ pè é lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Ẹ sọ fún un pé èèwọ̀ ẹ̀wù àti èèwọ̀ owó ṣì dúró, ṣùgbọ́n pé èèwọ̀ ìbéèrè ti kúrò.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kan ní Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, n ó pé ọmọ ọdún 18. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé orúkọ mi yóò wà nínú ìwé olùdìbò? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kò tilẹ̀ ní ìwé ìbí rárá. Èkejì ni pé a fẹ́ yan olórí kíláàsì wa, àwọn ọmọkùnrin sì ní kí n gba igbá-kejì, pé obìnrin kì í ṣe olórí.

Èsì wa

Ọmọ mi, o ṣeun tí o rántí ọ̀rẹ́ rẹ. Ìwé olùdìbò kì í ṣe ohun tí à ń tò fún ní àtòtúntò ní gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá dé mọ́. Láti inú àkọsílẹ̀ gbogbo ènìyàn tí ANIP, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánimọ̀ ènìyàn, ń tọ́jú ni wọ́n ti ń yọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá ti pé ọdún 18. Àkọsílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ara ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n pè ní RAVIP, ní ọdún 2017 sí 2018, nígbà tí ìwọ ṣì kéré. Bi àwọn òbí rẹ bóyá wọ́n fi orúkọ rẹ sílẹ̀ nígbà náà. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ, wo bí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ tí wọ́n bí ọ, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo tí kò bá bá ìwé ìbí mu lè gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, mú ìwé ìbí rẹ, kí o sì lọ sí ọ́fíìsì ANIP.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ló dùn mí jù. Ẹni tí kò ní ìwé ìbí, tí àkókò ìforúkọsílẹ̀ sì ti kọjá, ilé ẹjọ́ ni yóò lọ, adájọ́ yóò fún un ní ìdájọ́ tí a ń pè ní jugement supplétif, òun ni wọn yóò sì fi kọ ìwé ìbí rẹ̀. Kí ó má dúró di ọdún ìdìbò, nítorí pé ìwé kan náà yẹn ni wọn yóò bi í nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, tó bá fẹ́ ṣí àpótí owó sí báńkì, àti nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lójú òfin. Mo ti jókòó ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣèlú fún ọ̀dọ́, ọmọ ilé ìwé nìkan ni à ń dárúkọ níbẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá aránṣọ, lábẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì, lábẹ́ onídìrí, òun náà yóò dìbò, kò sì sí ẹni tó ń wá a lọ. Ìwọ ni kí o wá a lọ.

Ní ti olórí kíláàsì, má gba igbá-kejì bí kò bá jẹ́ pé òun ni o fẹ́. Abala 26 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ sọ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba ní ẹ̀tọ́. Nínú àga 109 tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, 24 ni a yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, ọ̀kan fún agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ìdìbò ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2023 ni a sì ti kọ́kọ́ lò ó. Sọ ohun méjì tí o máa ṣe fún kíláàsì, kí o sọ ọ́ ní ṣókí, kí o sì bẹ olùkọ́ yín pé kí ìdìbò náà jẹ́ ti ìwé kékeré nínú àpótí. Bí ó bá jẹ́ ti nína ọwọ́ sókè, ẹni tó bẹ̀rù ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀lé ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Àjàṣẹ́

Kíláàsì CM2, èyí tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mò ń kọ́. Nínú ẹ̀kọ́ Éducation sociale, àwọn ọmọ mi lè ka ohun tí kọmúùnù jẹ́ láti orí ní èdè Faransé láìfo ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ kan mo fi Yorùbá bi wọ́n pé kí ni ohun tí wọ́n kà náà túmọ̀ sí, gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Ṣé ó tọ́ kí n máa fi èdè wa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìjọba? Bí ó bá tọ́, àwọn ọ̀rọ̀ wo ni n ó lò?

Èsì wa

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Kì í ṣe pé ó tọ́ nìkan, ojúṣe ìjọba ni. Abala 40 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ tí a kéde ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ tan Òfin Ìpìlẹ̀ náà kálẹ̀, kí ó sì fi kọ́ni, pẹ̀lú Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Àgbáyé ti ọdún 1948 àti ìwé àdéhùn Áfíríkà ti ọdún 1981 lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, pé kí ẹ̀tọ́ wọ̀nyí wọ inú ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìpele ilé ẹ̀kọ́, àti pé kí a máa fi àwọn èdè ilẹ̀ wa kọ́ wọn lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Mo máa ń ka abala yẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé èdè wa kò tó ọ̀rọ̀ òfin sọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀, a kò sì tíì rí i tó ní kíláàsì àwọn ọmọ wa. Bí kíláàsì yín bá sì rí bí ọ̀pọ̀ kíláàsì Àjàṣẹ́, tí ọmọ Gùn àti ọmọ Yorùbá jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Gùn fi èdè tiwọn sọ ọ́ lẹ́yìn tiyín. Òye ọ̀rọ̀ kan náà yóò tún jinlẹ̀ sí i.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò, ẹ jẹ́ kí n mú díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Ẹ ya ọmọ ìlú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọmọ Natitingou tó ń gbé Àjàṣẹ́ kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ṣùgbọ́n ọmọ orílẹ̀-èdè ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò bí tiwa. Ẹ̀wẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó wà ní òdìkejì ààlà jẹ́ ọmọ Kétu pátápátá nípa ìran, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ni ó ti ń dìbò. Àwọn ọmọ tó ní ìbátan ní òdìkejì yóò tètè yé èyí ju ọmọ tó há ìtumọ̀ sórí lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù ni ìjọba, nítorí pé ọba wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọba ni ààrẹ. Ẹ má sá fún un; ẹ lò ó. Ní Kétu, ìdílé ọba márùn-ún ni ó wà: Alápíní, Mágbó, Àró, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù, oyè Alákétu sì ń yí láàrin wọn, kí ìdílé kan má baà fi sọ ogún tirẹ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé agbára tí kò bá yí ibi kan kúrò yóò bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ìyàtọ̀: Alákétu wà lórí oyè títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n Abala 42 sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè ṣe ààrẹ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Oyè yẹn jẹ́ ti ìdílé márùn-ún, ipò ààrẹ jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nínú ọmọ orílẹ̀-èdè tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá wà láàrin 40 sí 70, tí ó sì bá àwọn ohun yòókù tí òfin béèrè mu.

Fún aṣòfin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ni aṣojú. Wọ́n ti mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́ rírán, ojoojúmọ́ ni à ń rán wọn. Wọ́n sì ti gbọ́ ọ nílé pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Ẹ bi wọ́n pé bí ìyá bá rán ẹ lọ ra epo, tí o kò padà wá jábọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹ ó rí i pé wọn yóò sọ ohun tó yẹ kí a ṣe fún aṣojú tí kò padà wá jábọ̀, láìjẹ́ pé ẹ kọ́ wọn. Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì wà láàrin ìlú wa níbí. Ọmọ CM2 tó ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀, a ti fi nǹkan dù ú. Ẹ kọ ìwé béèrè, kí ẹ mú wọn lọ wò ó.

Ẹ sọ ìtàn fún wọn pẹ̀lú. Ní ọdún 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ àti owó oṣù tí wọn kò rí gbà. Láti inú ìdààmú ọdún yẹn ni àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ti jáde, tí wọ́n jókòó sí ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Isidore de Souza darí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún kan náà ni àwọn ènìyàn dìbò gba Òfin Ìpìlẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ibi tó wà lọ́jọ́ náà, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ wá ní Yorùbá.

Ohun kan wà tí mo ti rí tí olùkọ́ kan ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ dán an wò. Ó fi ẹfun ya ihò mẹ́rin sílẹ̀: omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bẹ́ǹṣì, bọ́ọ̀lù. Ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní èso ẹ̀wà mẹ́wàá, ó ní owó ilé ẹ̀kọ́ nìyí, kí wọ́n pín in. Ní ìgbà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀wà tó pọ̀ jù. Ọmọbìnrin kan wá dìde, ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ni òun máa ń sáré lọ, òun kì í sì í bá ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé e. Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n tún un pín, ẹ̀wà ti kúrò nínú ihò bọ́ọ̀lù ní ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olùkọ́ náà kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó tó kọ ọ̀rọ̀ Faransé náà, budget, sójú pátákó.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́

Ọmọ ọdún 15 ni mí. Ṣé ọmọdé lè wọ ibi tí ìgbìmọ̀ kọmúùnù ti ń jókòó? Kí ló sì dé tí wọn kò jẹ́ kí a dìbò ní ọmọ ọdún 16?

Èsì wa

Ìjókòó ìgbìmọ̀ kọmúùnù jẹ́ ti gbangba, àfi bí ìgbìmọ̀ náà bá pinnu láti ti ilẹ̀kùn lórí ọ̀rọ̀ kan. O lè wọlé, o lè jókòó, o lè gbọ́. O kò ní sọ̀rọ̀, o kò sì ní pàtẹ́wọ́. Wo pátákó ìkéde mairie fún ọjọ́ náà, kí o sì bá àgbà kan lọ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Ní ti ọdún 16, àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbà á: Bùràsíìlì láti ọdún 1988, níbi tí kò ti pọn dandan fún ọmọ ọdún 16 láti dìbò, Ọ́síríà láti ọdún 2007, Ajẹntínà láti ọdún 2012. N kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan ní ilẹ̀ wa lónìí, kí a kọ́kọ́ mú Abala 40 ṣẹ ni n ó yàn, nítorí pé mi ò fẹ́ kí ìbò dé ọwọ́ rẹ ṣáájú ìmọ̀ tó yẹ kí o fi lò ó. Òfin tilẹ̀ ti fún ọ ní ohun kan ná: Abala 12 nínú Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 1989, tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí, sọ pé ọmọ tó bá ti lè ronú fún ara rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tó bá kàn án, kí a sì fetí sí i.

O kò béèrè ti WhatsApp, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú jù. Òfin ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018 lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní ìjìyà fún ẹni tó bá ń tan ìròyìn èké kálẹ̀ sí ẹlòmíràn lára. Bí o kò bá mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ibi tó ti sọ ọ́, jẹ́ kí ó kú sórí fóònù rẹ.

Mú ìwé àti bírò lọ sí ìjókòó ìgbìmọ̀ náà. Kọ ọjọ́ náà sókè ojú ìwé, kọ ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe, kọ iye owó tí wọ́n dá fún un, kí o sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Tún padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí o mú ìwé kan náà dání. Fi ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí wa ní Yorùbá, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ìwé yìí.